Ṣé Lóòótọ́ Ni Bakitéríà Ń Sọ Òróró Àlòkù Di Ọṣẹ?

Àbúrò mi obìnrin fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ le bíi ti àwọn tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò. Ó ní àwọn òyìnbó ti rí kòkòrò kan tó ń sọ òróró tí a ti fi dín àkàrà di ọṣẹ. Kí èèyàn sáà da òróró sínú kẹ́ẹ̀gì, kó bu kòkòrò náà sí i, bó bá di ọjọ́ kẹta, ọṣẹ ti délẹ̀. Àbúrò mi ń dín àkàrà àti dùńdú tà nírọ̀lẹ́, òróró tó máa ń ṣẹ́kù fún un kì í sì í ṣe kékeré. Ohun tó kọ sábẹ́ ohùn náà ni: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta kòkòrò yẹn?"

Ìdajì ohun tí ọkùnrin náà sọ jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí mo ṣe tú u fún àbúrò mi.

Ọ̀dọ̀ omi la ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìròmi tó ń jó lójú omi, a sì mọ̀ pé onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni ìdí tí ìròmi kì í fi í rì. Àwọn ẹyọ omi a máa fa ara wọn mọ́ra gan-an. Àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún rí ẹni dì mú lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lójú omi kò rí ẹnì kankan lókè, wọn a wá di ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin. Bí ojú omi ṣe ń le bí awọ ìlù tí wọ́n fà nìyẹn. Orí awọ yìí ni ìròmi ń jó sí. Bí ẹ bá rọra tẹ́ abẹ́rẹ́ sí i, kò ní rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ wọ́n ata gbígbẹ lílọ̀ sójú rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka tí ọṣẹ wà lórí rẹ̀ kan àárín. Kíá ni ata yóò sá lọ sétí abọ́. Ọṣẹ ló dẹ awọ ìlù náà ní àárín, etí tó ṣì le ló sì fa ata lọ sọ́dọ̀. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n fún líle yìí: omi lásán wà ní nǹkan bíi 72 mN/m. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ohunkóhun tó bá lè dẹ awọ yìí, tó sì lè mú omi àti òróró wọ ara wọn, ni wọ́n ń pè ní surfactant lédè òyìnbó. Alárinà ni èmi yóò máa pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Alárinà yìí ní orí, ó sì ní ìrù. Ìrù ni mo pè o, kì í ṣe irú ọbẹ̀. Irú náà ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ń bọ̀. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù rẹ̀ kò fẹ́ fojú kan omi rárá, ọ̀rá ló ń wá kiri. Bí wọ́n bá pọ̀ tó nínú omi tó ní òróró, wọn a ki ìrù bọ inú ẹ̀kán òróró, wọn a sì na orí síta sínú omi, bí èrò ọjà ṣe ń yí olè ká. Òróró tí wọ́n bá ti yí ká báyìí kò lè padà dì mọ́ abọ́ tàbí aṣọ mọ́, omi yóò gbé e lọ. Nínú ìgbéyàwó tiwa, bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Ti ibí yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀bá o. Bó bá kúrò láàárín, omi àti òróró yóò kọ ara wọn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìyá wa ti ń ṣe alárinà tipẹ́. Wọ́n á jó èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á gbé e kaná pẹ̀lú adín tàbí epo pupa, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn. Ẹyọ òróró kan dà bí àmúga eléyín mẹ́ta: ìrù ọ̀rá mẹ́ta ni eyín rẹ̀, ohun tó so wọ́n pọ̀ lókè ni glycerol. Omi eérú á gé eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, á sì fi pọtásíọ̀mù dé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Ìrù ti rí orí nìyẹn, alárinà ti délẹ̀. Iná àti eérú ló ṣe é. Kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òróró inú ìkòkò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọṣẹ tán.

Nítorí náà, bí àbúrò mi bá kàn ń wá ọ̀nà láti sọ òróró àlòkù di ọṣẹ, eérú tó o. Ibi tí ọkùnrin inú WhatsApp yẹn ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyẹn: ó rò pé iṣẹ́ eérú ni bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tó ń sọ yẹn, ń bá wa ṣe.

Bakitéríà kò mọ̀ pé ọṣẹ wà láyé. Ebi ló ń pa á.

Bakitéríà kéré débi pé bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn tẹ̀ léra, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà méjì lọ. Kò ní ẹnu, kò ní eyín. Ohun tó bá máa wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúnná kó tó dé ara rẹ̀. Omi ló sì ń gbé, nígbà tí òróró léfòó sókè bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Etí ibi tí omi àti òróró ti pàdé nìkan ló ti lè jẹun. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé odidi màlúù síwájú rẹ̀ láìfún un ní ọ̀bẹ.

Ó wá ní ọgbọ́n méjì. Àkọ́kọ́, ó ń tu ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ lipase síta, ọ̀bẹ rẹ̀ nìyẹn. Lipase á gé eyín àmúga kúrò lára glycerol, á sì di gígé tó lè gbé mì. Ọgbọ́n kejì ni alárinà: ó ń ṣe é látinú ara rẹ̀, ó ń tú u sínú omi, kí ẹní òróró lè fọ́ sí ẹ̀kán kéékèèké àìmọye. Bí ẹ̀kán bá ṣe pọ̀ tó ni etí ìpàdé ṣe ń pọ̀ tó, ibi ìjẹun sì gbòòrò sí i. Apá ńlá nínú òróró tó jẹ yóò lọ sí agbára àti ara tuntun, òmíràn yóò jó di carbon dioxide. Ìyókù ló fi ń ṣe alárinà. Ẹ rí i báyìí pé kò sí bí lítà òróró kan ṣe lè di lítà ọṣẹ kan lọ́dọ̀ bakitéríà. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín ń purọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣe é. Bakitéríà kan ṣoṣo kì í dá irú iṣẹ́ yìí ṣe, torí omi yóò kàn fọ alárinà rẹ̀ lọ lásán. Wọ́n ń tu èròjà kan síta tí wọ́n fi ń mọ iye ara wọn. Bí èròjà náà bá ti pọ̀ láyìíká, wọ́n mọ̀ pé àwọn ti pé, gbogbo wọn á sì jọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ gidi ni. Ohun kejì tó ń tì wọ́n sí i ni àìsí naítírójìn. Láìsí naítírójìn, wọn kò lè ṣe púrótéènì, láìsí púrótéènì, wọn kò lè bímọ sí i. Bí òróró bá ṣì pọ̀ nílẹ̀ nígbà tí naítírójìn ti tán, wọn a wá kọjú sí alárinà. Àwọn tó ń sin wọ́n mọ èyí, wọ́n sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní naítírójìn díẹ̀, òróró púpọ̀.

Ta wá ni àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí? Èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí òróró àlòkù ni Pseudomonas aeruginosa. Alárinà tirẹ̀ ń jẹ́ rhamnolipid: orí rẹ̀ jẹ́ ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní rhamnose, ẹyọ kan tàbí méjì, ìrù rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Ní 1949 ni àwọn onímọ̀ méjì, Jarvis àti Johnson, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to ṣúgà àti ọ̀rá náà pọ̀. Nígbà tó di 2000, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Barcelona ní Sípéènì tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti fi òróró ólífì àti ti sunflower tí wọ́n ti fi dín nǹkan bọ́ oríṣiríṣi bakitéríà láti mọ èyí tó máa ṣe dáadáa, Pseudomonas aeruginosa kan ló sì ta yọ. Ẹ rántí 72 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Ojúlówó rhamnolipid lè fà á wálẹ̀ dé nǹkan bíi 28.

Irú ti dé báyìí. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Japan rí alárinà kan lára rẹ̀, wọ́n pè é ní surfactin, ó sì wà lára àwọn tó lágbára jù tí ẹ̀dá alààyè ń ṣe. Bacillus subtilis yìí kan náà ni olórí àwọn tó ń sọ igbá sísè di irú. Ìyẹn ni pé láti ayé àwọn ìyá ńlá wa ni a ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ nínú agbọ̀n tí a fi ewé bò, a ń bu ú sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ìdílé yẹn ló ń ṣe surfactin o, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ọmọ onílù ló mọ ìlù ú lù.

Ẹnì kẹta kì í ṣe bakitéríà rárá, ìwúkàrà ni. Starmerella bombicola lorúkọ rẹ̀, inú oyin kòkòrò oyin ńlá kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Alárinà rẹ̀ ń jẹ́ sophorolipid, òun náà sì fẹ́ràn òróró.

Ibi tí mo ti bá àbúrò mi le ọ̀rọ̀ díẹ̀ rèé. Pseudomonas aeruginosa tó mọ iṣẹ́ yìí jù, ọ̀tá ni. Òun ló máa ń wọ ojú egbò iná tí egbò á fi máa ṣọyún aláwọ̀ ewé, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ara wọn kò le, ó sì gbajúmọ̀ fún àìgbọ́ oògùn. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ẹ̀yà rẹ̀ tí oògùn carbapenem kò rí ṣe sí ìpele tó le jù nínú àkọsílẹ̀ àwọn bakitéríà tí ayé nílò oògùn tuntun fún. Rhamnolipid fúnra rẹ̀ wà lára ohun ìjà rẹ̀: ó fi ń tú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ká, bó ṣe ń tú òróró ká. Ṣé ẹ wá rí i? Pé nǹkan jẹ́ ti ìṣẹ̀dá kò sọ ọ́ di ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin kòkòrò tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò àkàrà, àìsàn ló ń sìn.

Àwọn onímọ̀ yí ìyẹn ká. Wọ́n mú jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú ara, tó ń ṣe rhamnolipid kúrò lára ọ̀tá, wọ́n fi sára Pseudomonas putida, ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ilẹ̀ tí kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń bá iṣẹ́ lọ láìsí wàhálà ti àkọ́kọ́.

Wàyí o, bí a bá ti rí bakitéríà tó ṣeé fọkàn tán, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Rárá. Èmi gan-an rò tẹ́lẹ̀ pé rírí òróró ló máa ṣòro. Kì í ṣe òun. Ìfófó ni.

Bakitéríà wọ̀nyí ń mí, ẹ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú táńkì. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe jẹ́ ohun tó ń hó. Ẹ ro ó wò: omi ọṣẹ nínú táńkì ńlá, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń yọrí sí rere ni ìfófó ṣe ń ga, títí yóò fi gun ojú táńkì, tí yóò bá páìpù atẹ́gùn jáde, tí yóò sì kó bakitéríà lọ́wọ́ dání. Bí wọ́n bá da oògùn apa-ìfófó sí i, wọ́n á tún ní láti yọ oògùn náà kúrò lẹ́yìn. Àwọn ọlọgbọ́n kan ti wá fi ara mọ́ ọn: wọ́n jẹ́ kí ìfófó náà máa jáde, wọ́n gbe é sínú àgbá mìíràn, torí inú ìfófó gan-an ni alárinà pọ̀ sí jù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yíyọ. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí omi náà kíkankíkan kí òkú àti ààyè bakitéríà lè kó sísàlẹ̀, wọ́n á da ásíìdì sí omi tó kù kí rhamnolipid lè dì, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sì tún fọ ọ̀rá tí kò jẹ tán kúrò lára rẹ̀. (Ìdáhùn nìyí fún àwọn tó ń béèrè bóyá kòkòrò wà nínú ọṣẹ náà: wọ́n ti yọ ọ́.) Yíyọ àti fífọ̀ yìí sábà máa ń gba owó ju oúnjẹ tí wọ́n fún bakitéríà lọ. Òróró àlòkù rọ̀ lówó, àmọ́ ó ń dá kún iṣẹ́ ìfọ̀: iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ata wà nínú rẹ̀, èérún àkàrà tó jóná wà nínú rẹ̀, òróró tòní kò sì rí bí tàná. Iná ti bá bakitéríà gé díẹ̀ nínú àmúga náà ṣáájú, ìyẹn ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín in títí tó fi ń fà bí ilá, àwọn ẹyọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra di ohun tí lipase kò rọrùn fún láti gé.

Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò gba ọ̀nà òróró àlòkù. Ní 2019, Unilever gbé ọṣẹ ìfọbọ́ Quix tó ní rhamnolipid jáde ní Chile. Evonik, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe rhamnolipid náà, ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan fún un ní Slovenská Ľupča ní Slovakia ní 2024. Ṣúgà ni wọ́n fi ń bọ́ bakitéríà tiwọn. Ṣúgà kì í yí padà láti òní dé ọ̀la, ó ń yòrò nínú omi, kò sì sí ọ̀rá tí wọn yóò fọ̀ kúrò níkẹyìn.

Ẹ lè wá bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà tó báyìí, nígbà tí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kún ọjà? Láti inú epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ alárinà inú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ti ń wá. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ìrù ẹlẹ́ka, bakitéríà inú odò kò sì rí i jẹ. Ìfófó bo àwọn odò wọn. Jámánì ṣòfin lé e lórí ní 1961, àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ sì yí padà sí ìrù gbọọrọ tí kò ní ẹ̀ka, èyí tí bakitéríà lè jẹ. Ti bakitéríà fúnra rẹ̀ kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀dá inú ilẹ̀ ṣe, ẹ̀dá inú ilẹ̀ ń jẹ. Díẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. SDS, alárinà tó wọ́pọ̀ nínú ọṣẹ ìfọyín àti ọṣẹ ìfọrí, gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 2.3 nínú lítà omi kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ yí òróró ká. Surfactin kì í sábà nílò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìyẹn. Nínú omi iyọ̀ àti nínú ooru, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Òróró àlòkù náà kò sì ní ibi tó dára lọ bí a bá dà á sínú gọ́tà. Ní 2017, àwọn òṣìṣẹ́ bá òkè ọ̀rá kan nínú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel, London: ó gùn tó mítà 250, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Ọ̀rá ìdáná àti aṣọ ìnudí ọmọdé ló dì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fi hàn ní Museum of London lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn sì ń tò wá wò ó. Ayé mà ń lọ o.

Ojú tèmi ni pé òróró àlòkù yóò rí ìwúlò níbi tí alárinà kò ti nílò kó mọ́ tónítóní. Ohun tí wọ́n máa fi pa ara gbọ́dọ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí epo rọ̀bì dà sí kò béèrè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ bakitéríà kúrò nínú omi inú táńkì, wọ́n lè lo omi náà láìfọ̀ ọ́ jìnnà, kó máa tú epo kúrò lára yẹ̀pẹ̀ kí bakitéríà inú ilẹ̀ lè rí i jẹ. Ìròyìn tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí àyíká, gbé jáde ní 2011 nípa Ogóni fi hàn bí epo ṣe wọ ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ tó, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún alárinà tó pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa náà ti ń yọ bakitéríà tó ń ṣe é jáde láti inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra òróró àlòkù láti fi ṣe dísẹ́lì àti epo ọkọ̀ òfuurufú kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi lórí fóònù, ó gbọ́ mi dé òpin, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ pé eérú tó." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó wọ ìbọ̀wọ́, torí omi eérú tó le ń jó ni lára, kó sì sẹ́ òróró náà dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá ọṣẹ náà kò ní máa run àlùbọ́sà. Mo ní aṣọ iṣẹ́ ni kó fi fọ̀.